Àmì This PC tó pòórá kì í ṣe iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì

Láti Lágéré títí dé Mayfair, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé bí àmì This PC, èyí tí a fi ń ṣí ibi tí àwọn fáìlì wà nínú ẹ̀rọ, bá pòórá lójú kọ̀ǹpútà, fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kí wọ́n yáa gbé e lọ fọ́máàtì, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tún Windows fi sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí gan-an, torí fọ́máàtì kì í mọ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dé orí kẹrin, tí kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Torí àmì kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ a lọ.

Bẹ́ẹ̀, fọ́máàtì ọ̀hún kì í dá àmì náà padà! Àmì márùn-ún ni Windows ní fúnra rẹ̀: Computer (òun ni This PC), User's Files, Network, Recycle Bin àti Control Panel. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows 10 tàbí 11 sórí ẹ̀rọ, Recycle Bin nìkan ló máa ń yọjú nínú wọn. Ẹni tó bá yín fọ́máàtì ló fọwọ́ ara rẹ̀ pe This PC jáde, ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì níbi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, ẹ mú Personalize, lẹ́yìn náà Themes, kí ẹ wá Desktop icon settings. Fèrèsé kékeré kan á ṣí. Ẹ máàkì àpótí Computer, ẹ tẹ OK, ó ti dé nìyẹn. Change Icon wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àwòrán rẹ̀, Restore Default á sì dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ pé àwọn àmì náà ń yí padà fúnra wọn nígbà tí ẹ bá lo theme (ìrísí ojú kọ̀ǹpútà) tuntun, ẹ wo ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn, ẹ yọ máàkì tó wà ní Allow themes to change desktop icons.

Gbogbo àmì pátá ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ló ṣèèṣì. Apá ọ̀tún máòsì náà ni, View, Show desktop icons.

Fáírọ́ọ̀sì wà o. Èyí tó ń sọ gbogbo fódà inú flash di shortcut, ìyẹn àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan tó wà níbòmíràn, àwọn tó ń tẹ̀wé ní business centre mọ̀ ọ́n dáadáa. Windows Security tó wà nínú ẹ̀rọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ irú ìyẹn wò.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù láti pa àmì rẹ́, wọ́n ní ètò náà á bá a lọ. Tí ẹ bá rí ọfà kékeré nígun ìsàlẹ̀ lápá òsì àmì náà, shortcut ni. Ẹ pa á rẹ́, ètò yín ò ní lọ síbì kankan. Èyí tí kò ní ọfà ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ó lè jẹ́ fáìlì yín gangan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bu owó fọ́máàtì fún yín nítorí This PC, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí Desktop icon settings lójú yín.