Àtúnṣe: Wọn kò tíì tilẹ̀kùn mọ́ ẹbí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jà ní Vietnam

Wọ́n ń pín in kiri pé láti oṣù Kẹjọ 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà kò ti gba ìwé ẹ̀bẹ̀ owó ìrànwọ́ mọ́ lọ́wọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí Agent Orange kó àìsàn bá, oògùn apakoríko tí ọkọ̀ òfuurufú wọn fọ́n sórí igbó Vietnam. Irọ́ ni. Òfin PACT, òfin ìtọ́jú àti owó ìrànwọ́ fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí májèlé kó àìsàn bá, tí Ààrẹ Biden buwọ́ lù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2022, kò ní gbèdéke. Ohun tó parí lọ́dún 2023 ni àǹfààní pé kí wọ́n ṣírò owó ẹni padà sẹ́yìn dé ọjọ́ ìbuwọ́lù yẹn.

Opó ńkọ́? Òun náà lè béèrè owó náà, bí àìsàn tó pa ọkọ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ìjọba gbà pé ó tan mọ́ oògùn náà. Bí wọ́n bá ti já a kulẹ̀ rí, kó tún un kọ, torí òfin yìí ti fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún àwọn àìsàn wọ̀nyẹn, àìsàn tí ọ̀pọ̀ ń dá ọjọ́ ogbó lẹ́bi fún.

Oògùn náà gan-an kò sì pọ́n bí ọsàn o! Ìlà aláwọ̀ ọsàn ara àgbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Dioxin, májèlé inú rẹ̀, ló ń ṣọṣẹ́.