Ẹ̀yin Yunifásítì, Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun téèyàn ò ní nílé, kò lè dédé gbé e jáde lójú agbo. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló jẹ́ kí n rántí òwe yìí, ó ti wà ní 300 level, ó ní òun fẹ́ du ipò akápò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé wọn, inú mi dùn, mo ní kí ló fẹ́ ṣe fáwọn èèyàn ẹ̀, ó ní bùọ̀dá, kò sẹ́ni tó tíì bi òun níyẹn o, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi òun ni pé olóṣèlú wo ló wà lẹ́yìn ẹ, ṣé o sì lówó dátà tó o máa pín fáwọn tó máa dìbò?

Ẹ gbà mí o! Ìbò yunifásítì nìyẹn. Tó bá dọ̀la a ó máa pariwo pé àwọn aṣòfin ń kówó jẹ, níbo lẹ rò pé wọ́n ti kọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ nígbà tóun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá WASU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London lọ́dún 1925, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ òmìnira. Lọ́dún 1960, òmìnira ò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn fi lọ ká àwọn aṣòfin mọ́ Èkó nítorí àdéhùn ológun tí ìjọba fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, nígbà tó fi máa di 1962 wọ́n ti fagi lé e. Ọ̀rọ̀ ìlú yé àwọn ọmọ yẹn, ó sì ń dùn wọ́n.

Lóòótọ́, GST wà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa ń ṣe, wọ́n ní àwọn ń kọ́ wọn nípa ojúṣe ọmọ ìlú níbẹ̀. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Èrò kún gbọ̀ngàn bámúbámú, máíkì ń han, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, tí ìdánwò bá kù díẹ̀ wọ́n á há past question sórí, wọ́n á tẹ A tẹ B lórí kọ̀ǹpútà, ó parí. Ìpín 14 ìwé òfin 1999 sọ ọ́ kedere pé ọwọ́ ará ìlú ni ìjọba ti ń gba agbára, ọ̀pọ̀ àwọn tó gba A yẹn ò kà á rí, wọn ò sì mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn.

Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá yunifásítì ni mo ń bá wí. Ọmọ tó bá béèrè ibi tí owó union wọlé sí, ẹ ó ní kò yege screening ìbò. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìwọ́de torí omi àti iná, ẹ ó tì í pa, ṣùgbọ́n owó union ò ní kúrò lára school fees. Lẹ́kíṣọ̀rà tó ń fi tipátipá ta handout, kí ló fẹ́ sọ fún ọmọ nípa òdodo? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò wọn, kí wọ́n ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lẹ àkáǹtì mọ́ notice board kí gbogbo ayé kà á, kí wọ́n fúnra wọn yọ ẹni tó bá kówó jẹ. Tí wọ́n bá máa ṣìṣe, kí wọ́n ṣì í lójú yín níbẹ̀.

Ti oyè dókítà tẹ́ ẹ máa ń fi dá èèyàn lọ́lá yẹn tiẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ẹjọ́ owó ìlú ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ ní kóòtù, ẹ wọ aṣọ dókítà fún un, ẹ gbé e síwájú àwọn ọmọ tó fi ọdún márùn-ún kàwé, ẹ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni sí àpérò lórí aṣíwájú rere mọ́, títí ẹ ó fi tún ti ẹ̀yin alára ṣe.