Ẹ sanwó ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì àtàwọn panápaná, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ẹni tó sàn

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Ohio àti Florida wà lára wọn, ti ń yọ owó ìjọba láti fi tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí ogun ò tíì jáde lára wọn, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé lé wọn lórí láti fi ta ọpọlọ jí, Ohio sì ti fa ìtọ́jú ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ àwọn panápaná, àwọn ọlọ́pàá àtàwọn tó ń bá áḿbúláǹsì ṣiṣẹ́. Àwa níwèé ìròyìn yìí fara mọ́ ọn. Kí ìjọba sanwó ẹ̀, kó tiẹ̀ san ju èyí tó ń san lọ. Ohun tá ò ní gbà ni kówó máa jáde, kí máṣíìnì máa dún, kí ọdún máa gorí ọdún, ká wá béèrè pé èèyàn mélòó ló sàn, kẹ́nikẹ́ni má sì rí èsì gidi fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sá tí wọ́n bá ti gbọ́ iná àti ọpọlọ pọ̀. TMS ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n máa ń fi iná gbé aláìsàn ní gìrì yàtọ̀ pátápátá, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ mú onítọ̀hún sùn kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Eléyìí, ojú yín á là sílẹ̀ kedere, orí àga lẹ máa jókòó sí, ẹ máa ki nǹkan bọ etí, wọ́n á wá gbé wáyà kan tí wọ́n ká bíi nọ́ńbà 8 lé orí yín. Ibi tó ń darí ọwọ́ nínú ọpọlọ ni dókítà máa kọ́kọ́ wá, á máa sún wáyà yẹn díẹ̀díẹ̀ títí àtàǹpàkò yín á fi ṣàdédé ta fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kó ta, ibẹ̀ ló ti máa mọ bí agbára tó máa lò fún yín ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn á sún un wá síwájú, síbi iwájú orí, máṣíìnì á wá máa dún ta-ta-ta bí ẹyẹ àkókó tó ń sọ igi, ó lè gba ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú kan sì wà tí ò ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Tó bá parí, ẹ dìde, ẹ wa mọ́tò yín lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún padà wá, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6.

Anthony Barker àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un jáde lọ́dún 1985. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ló ń di agbára mágínẹ́ẹ̀tì, agbára yẹn á la egungun orí kọjá láìfa ojú ọgbẹ́, á wá bí iná kékeré sínú ọpọlọ, kò sì wọlé jìnnà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ibi tí ẹ̀rù ti ń sọ nínú ọpọlọ jìn ju ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iwájú ọpọlọ ló ń kó ẹ̀rù níjàánu, ohun táwọn dókítà ń rò ni pé tí iwájú bá jí dáadáa, á lè mú kí inú lọ́hùn-ún rọlẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀rí. Àjọ FDA tó ń yẹ oògùn àti irinṣẹ́ ìtọ́jú wò ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí TMS lọ́dún 2008 fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn ò ràn, wọ́n tún fọwọ́ sí i lọ́dún 2018 fún OCD, ìyẹn àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tún nǹkan kan náà ṣe ṣáá. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i fún PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń bá ẹni tójú ẹ̀ ti rí ohun tó bani lẹ́rù, bí ogun. Ìwé ìlànà ìtọ́jú PTSD tí VA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì, àti iléeṣẹ́ ológun jọ gbé jáde lọ́dún 2023 sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tó láti sọ pé kí wọ́n lò ó tàbí kí wọ́n má lò ó. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn tẹ́ ẹ bá rí ilé ìtọ́jú tó ń polówó pé òun ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wo PTSD sàn.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo aṣòfin tó fẹ́ dìbò sórí ọ̀rọ̀ yìí kà. Àwọn ilé ìwòsàn VA ló ṣe é, ó jáde lọ́dún 2018. Ajagunfẹ̀yìntì 164 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn ò gbọ́ oògùn ni wọ́n pín sọ́nà méjì, wọ́n fún àwọn kan ní TMS gidi, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú tó jọ gidi àmọ́ tí ò rán nǹkan kan wọnú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ti kúrò lára nǹkan bí 41 nínú 100 àwọn tó gba gidi, ó sì ti kúrò lára nǹkan bí 37 nínú 100 àwọn tó gba ayédèrú.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, máṣíìnì ò ṣe nǹkan kan. Àwa ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun táwọn tó gba ayédèrú yẹn rí gbà ná. Ẹni tó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí látìgbà tó ti Iraq dé, ó wá rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wẹ̀, kó wọṣọ, kó jáde nílé láràárọ̀, ó débẹ̀ ó bá ẹnì kan tó mọ orúkọ ẹ̀ tó ń bi í pé ṣé o sùn lánàá, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyẹn gan-an ìtọ́jú ni! Tí owó ìjọba bá máa ra máṣíìnì, a gbọ́dọ̀ mọ èwo ni máṣíìnì ṣe, èwo sì ni ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, torí ìyẹn la fi máa mọ ibi tó yẹ kówó lọ. Ìwádìí míì táwọn VA nílùú Providence gbé jáde lọ́dún 2019 fi ìrètí hàn, ajagunfẹ̀yìntì 50 tó ní PTSD ni wọ́n lò, àwọn tó gba gidi sì sunwọ̀n ju àwọn tó gba ayédèrú lọ nínú bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn 50 kéré.

Irú èyí tí Ohio àti Florida ń sanwó fún tún yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi EEG ka bí iná ṣe ń lọ nínú ọpọlọ onítọ̀hún, wọ́n á wá fìyẹn ṣètò mágínẹ́ẹ̀tì fún un. Ó dáa léti. Àmọ́ ẹ̀rí tó wà fún irú yìí kéré sí ti TMS tí gbogbo èèyàn mọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé gbogbo owó tí ìpínlẹ̀ bá san gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àkọsílẹ̀: báwo lẹni yìí ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe wà tó parí, báwo ló wà lẹ́yìn oṣù 6, kí wọ́n sì gbé e síta fáráyé rí, yálà ó dùn ún gbọ́ tàbí kò dùn. Kí iléeṣẹ́ tó ni máṣíìnì má sì jẹ́ òun náà lá máa ṣe ìṣirò ara ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó ń gbé fóònù 911, nọ́ńbà táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè fún pàjáwìrì, ò kúrò lórí àga, síbẹ̀ ó gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń ké pe ìyá ẹ̀, fóònù já, kò sì sẹ́ni tó padà wá sọ fún un bóyá ọmọ yẹn yè, ìpè míì ti wọlé. Ajagunfẹ̀yìntì ní VA, bó ti wù kí ìlà ibẹ̀ gùn tó. Panápaná ò ní irú ẹ̀, insọ́ránsì ló ń bá fà á, insọ́ránsì sì sábà máa ń sanwó TMS fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn tí oògùn bá ti kùnà, àmọ́ tó bá jẹ́ PTSD nìkan ló ń ṣèèyàn, wọn kì í sábà san án. Lọ́dún 2022 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan gbà pé ọlọ́pàá tàbí panápaná tó para ẹ̀ nítorí ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ló pa á, ìdílé ẹ̀ sì lè gba owó. Ó dáa gan-an. Ṣé ó wá yẹ kówó wà fún opó, kówó má sí fún ìtọ́jú ọkọ nígbà tó ṣì wà láàyè?

Kí wọ́n sì ro bí iṣẹ́ wọn ṣe rí mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ panápaná ló ń fi wákàtí 24 gbáko wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé, báwo ló ṣe fẹ́ máa débi ìtọ́jú lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá ò bá fún un láyè pẹ̀lú owó oṣù ẹ̀? Ẹni tó wà ní ìgbèríko tí ibẹ̀ jìnnà sí i ńkọ́? Ọlọ́pàá á sì máa bẹ̀rù pé tí wọ́n bá mọ̀ pé òun ń gba ìtọ́jú, wọ́n á gba ìbọn àti báàjì lọ́wọ́ òun. Òfin tó ń gbówó sílẹ̀ náà ló yẹ kó dí ojú ọ̀nà yẹn, kórúkọ ẹni tó gba ìtọ́jú má dé tábìlì ọ̀gá ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó yẹ kí wọ́n fi TMS gba ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwé 2023 yẹn dárúkọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní PE, CPT àti EMDR, pé àwọn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbà, ẹ̀rí wọn sì lágbára. Ó le, torí ẹ máa dojú kọ ohun tẹ́ ẹ ti ń sá fún, ọ̀pọ̀ ló ń já a sílẹ̀ lágbedeméjì, àwọn yẹn gan-an ló yẹ kí mágínẹ́ẹ̀tì yìí wà fún. Kí wọ́n yẹ orí wò dáadáa ṣá o, ẹni tí àfọ́kù bọ́ǹbù wà lórí ẹ̀ tàbí tó ní irin nínú etí ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn, ẹni tí bọ́ǹbù ti mi ọpọlọ ẹ̀ rí náà, kí dókítà fara balẹ̀ wò ó, torí gìrì lè mú èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tó ẹnì kan nínú 1,000. Orí fífọ́ ló wọ́pọ̀ jù.

Lọ́dún 2022 nìkan, VA ka ajagunfẹ̀yìntì 6,407 tó para wọn. Nítorí náà a ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni dúró títí ìwádìí á fi pé. Kí àwọn aṣòfin tọ́jú wọn nísinsìnyí, kí wọ́n sì fi owó ìṣirò àti ìwádìí tó ní ayédèrú nínú sínú ìwé ìnáwó kan náà. Ajagunfẹ̀yìntì tí nǹkan ti sú lónìí, kó pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń ro láti para ẹ̀, kó tẹ 1, lọ́sàn-án tàbí lóru, wọ́n á gbé e. Panápaná, ọlọ́pàá, oníáḿbúláǹsì, ẹ̀yin náà lè pe 988.