Kò sí wúrà tó ń dúró de ẹnikẹ́ni ní Charaideo

Láti oṣù Keje ọdún 2024 tí àjọ UNESCO ti ka àwọn òkìtì ìsìnkú àwọn ọba tó wà ní Charaideo, ní ìpínlẹ̀ Assam lápá àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, mọ́ ogún àgbáyé, "píramídì Assam" ni orúkọ tó gba ẹnu gbogbo ayé kan. Ẹ tẹ Charaideo sórí YouTube, ẹ ó rí i: òkìtì tí koríko tútù bò, orin tó ń dẹ́rù bani, àti ohùn kan tó ń sọ pé wúrà àwọn ọba Ahom ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì kàn án. Ọ̀rọ̀ náà ti dé inú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tiwa. Àwọn tó ń múra àtilọ sí Íńdíà ń béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò wọ ibi tí ìṣúra náà wà.

Kò sí ìṣúra kankan tó wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Òótọ́ ni pé wọ́n kó ohun iyebíye sínú ibojì àwọn ọba wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 360 ọdún báyìí tí àwọn èèyàn ti ń fọ́ àwọn ibojì náà, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fọ́ mẹ́wàá nínú wọn sì kọ ohun tí wọ́n kó sílẹ̀. Orúkọ "píramídì" yìí ló ń bí ìtàn wúrà náà lójoojúmọ́, torí ẹni tó bá ti gbọ́ píramídì, Tutankhamun, ọba Íjíbítì tí wọ́n bá ọ̀pọ̀ wúrà nínú ibojì rẹ̀, ló máa sọ sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀ ná. Àwọn Ahom jẹ́ ẹ̀yà kan lára àwọn èèyàn Tai, tí ìbátan wọn wà ní Thailand, Laos, Myanmar àti gúúsù Ṣáínà. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Sukapha ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Mong Mao, lágbègbè ibi tí ààlà Ṣáínà àti Myanmar wà lónìí. Wọ́n gun òkè Patkai kọjá, wọ́n sì já sí àfonífojì odò Brahmaputra ní 1228. Ní 1253 ó tẹ Charaideo dó, ó fi ṣe olú-ìlú. Ìjọba tó dá sílẹ̀ lo nǹkan bí 600 ọdún. Àwọn Mughal tó gba ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Íńdíà jà títí, apá wọn ò ká Assam. Ogun Burma ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wá fọ́ ìjọba náà, àdéhùn Yandabo tí Burma àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1826 sì fi ilẹ̀ náà sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Olú-ìlú ò dúró sí Charaideo ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ṣí lọ sí Garhgaon, ó ṣí lọ sí Rangpur. Síbẹ̀, bí ọba bá wàjà, Charaideo ni wọ́n ń gbé e lọ sin, nítòsí Sukapha tó tẹ ibẹ̀ dó. Òkìtì 90 ló wà nínú ààlà tí UNESCO fọwọ́ sí. Àwọn mìíràn wà káàkiri àfonífojì Brahmaputra, ti Charaideo ló kàn wà ní ìpamọ́ jù. Moidam ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, orúkọ yẹn ni èmi náà yóò sì máa lò.

Ní ti píramídì: èyí tó tóbi jù ní Giza, ti Khufu, ti lé ní 4,500 ọdún. Moidam tó dàgbà jù ní Charaideo kò tíì pé 800. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n tò jọ ní Íjíbítì. Erùpẹ̀ ni wọ́n dà jọ ní Assam, ó rí roboto, koríko sì hù sórí rẹ̀ débi pé ẹni tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé òkè kékeré lásán ni. Yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí dé ìkẹtàdínlógún, igi ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, bíríkì àti òkúta ló gbapò igi. Wọ́n á tẹ́ olóògbé sínú yàrá náà, wọ́n á kó ohun ìní rẹ̀ tì í, wọ́n á wá da erùpẹ̀ bò ó títí yóò fi di òkìtì. Ògiri kúkúrú onígun mẹ́jọ ni wọ́n fi ń yí i ká, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ipò ẹni náà bá ṣe ga tó ni òkìtì rẹ̀ ṣe ń tóbi tó.

Ohun kan wà lára moidam tí àwọn oní-fídíò kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òun sì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Lórí téńté òkìtì náà, wọ́n ń kọ́ ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chow-chali. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọrẹ wá fún olóògbé lọ́dọọdún. Àwọn tó mọ píramídì Giza dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má baà débẹ̀ mọ́. Àwọn tó mọ moidam fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí yóò máa padà wá.

Ibo wá ni ìtàn wúrà ti ṣẹ̀? Kò ṣàdédé hù. Ní 1662, Mir Jumla, ọ̀gá ogun àwọn Mughal, kógun wọ Assam. Ọba Jayadhwaj Singha sá lọ sí Namrup, ogun náà sì wọ Garhgaon. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Shihabuddin Talish bá ogun náà rìn, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní èdè Páṣíà. Ó ní àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà máa ń kọ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀ fún òkú wọn, pé wọ́n máa ń kó ohun èlò wúrà àti fàdákà, aṣọ, ẹní àti oúnjẹ ọdún mélòó kan sínú rẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń gbé fìtílà àti òróró púpọ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan láàyè tí yóò máa tọ́jú iná náà.

Títí dé ibí yìí ni àwọn tó ń pín ìtàn wúrà máa ń kà dé. Talish kò dúró níbẹ̀. Ó ní Mir Jumla pàṣẹ kí wọ́n ṣí mẹ́wàá nínú àwọn ibojì náà, ohun tí wọ́n sì kó jáde tó nǹkan bí 90,000 rúpì. Nínú ọ̀kan, níbi tí wọ́n sin ìyàwó ọba kan sí ní nǹkan bí 80 ọdún ṣáájú, wọ́n bá àpótí wúrà tí wọ́n ń kó ewé pan sí, ewé tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ tí wọ́n sì fi ń ṣe àlejò bí àwa ṣe ń fi obì ṣe é. Talish ní ewé inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹnikẹ́ni lè má gba ọ̀rọ̀ ewé yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé wúrà wà níbẹ̀ rí àti ẹ̀rí pé wọ́n kó o lọ, inú ìwé kan náà ni méjèèjì wà. A ò lè mú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

Àwọn Mughal nìkan kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú wọn náà ṣí moidam wò. Àwọn olè tí kì í kọ̀wé sì wà láàárín àsìkò kan sí òmíràn. Èyí tó wá fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere ni iṣẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ìjọba Íńdíà, ìyẹn Archaeological Survey of India, ṣe láàárín 2000 sí 2002. Wọ́n wa moidam kan ní Charaideo tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 2. Yàrá bíríkì àti òkúta wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Egungun èèyàn márùn-ún wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn eyín erin tí wọ́n fín dáadáa àti àwọn ègé igi. Ihò ńlá kan sì wà lápá òkè yàrá náà. Ẹni tó dá ihò yẹn lu ti ṣe tirẹ̀ kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó dé.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa ń fọ̀, pé, "Òkìtì 90 ni. Wọn ò tíì ṣí gbogbo rẹ̀. Ta ló mọ ohun tó wà nínú èyí tó kù?" Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Àwọn tó dàgbà jù, igi ni yàrá wọn. Igi kì í wà lábẹ́ ilẹ̀ tútù Assam fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún láìjẹrà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án. Àwọn tó kẹ́yìn ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀sìn Híńdù fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàfin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun òkú ọba, eérú àti egungun tó jóná ni wọ́n sì ń sin sínú moidam. Ẹni tó bá lọ gbẹ́ irú ibojì bẹ́ẹ̀ nítorí wúrà, eérú baba ẹni ẹlẹ́ni ló máa bá. Ohun tó lè ṣẹ́ kù nínú àwọn tó wà láàárín ni ohun tí kò níye lórí lọ́jà: egungun, èékú ìkòkò, igi, bí wọ́n ṣe to ẹrù yí òkú ká. Àwọn nǹkan yìí ló sì máa sọ ìtàn àwọn Ahom fún wa, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wúrà yìí fi ń bí mi nínú. Gbogbo ẹni tó gbà á gbọ́ tó sì gbé ṣọ́bìrì, ojú ìwé kan ló fà ya nínú ìtàn tí kò ní ẹ̀dà kejì.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n bá ọba lọ náà wà níbẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣe eré. Àwọn abọ́bakú wà nílẹ̀ Ahom. UNESCO pàápàá sọ ọ́ pé àwọn ayaba àti ìránṣẹ́ wà nínú àwọn ibojì náà nígbà mìíràn, pẹ̀lú ẹṣin àti erin. Ọba Rudra Singha, tó jọba láti 1696 sí 1714, ni ìtàn sọ pé ó fòpin sí sísin alààyè pẹ̀lú ọba. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo òkìtì kan tó ṣáájú àkókò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibojì ọba àti ti ẹni tí kò yan ikú fúnra rẹ̀ lẹ ń wò. Àwọn tó ń ya fídíò "ìṣúra" ń gẹṣin kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí láìboju wẹ̀yìn. Ó dùn mí.

Ohun mìíràn tí orúkọ píramídì ń bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn tó ni ibojì wà láàyè. Kò sẹ́ni tó ń bọ Khufu lónìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdọọdún, àwọn Tai-Ahom ń ṣe Me-Dam-Me-Phi, ọdún àwọn baba ńlá wọn, ní Charaideo àti káàkiri Assam. Ọjọ́ ìsinmi ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe. Àwọn àwòrò wọn, tí wọ́n ń pè ní Deodhai, Mohan àti Bailung, ń gbàdúrà lédè Ahom àtijọ́, èdè tí kò sí nílé ẹnikẹ́ni mọ́ àfi nínú ìsìn àti nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ sára èèpo igi. Ìran tí ọba wọn wà lábẹ́ òkìtì yẹn, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń gbé ọrẹ fún un. Ẹ fojú inú wo bí ó ṣe máa rí lára wọn tí àlejò bá débẹ̀ tó ń béèrè ibi tí wúrà wà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ. Ibi tó yẹ ní wíwò ni. Sivasagar ni ìlú tó sún mọ́ ọn, ọ̀nà Charaideo láti ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ ní Jorhat àti Dibrugarh, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró ní Simaluguri. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ojú ọjọ́ dára jù, torí òjò ò pọ̀, ilẹ̀ ò sì yọ̀. Ẹ má gun òkìtì. Erùpẹ̀ ni, ẹsẹ̀ àlejò àti òjò ló ń jẹ ẹ́ lára jù. Ẹ gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Me-Dam-Me-Phi lẹ bá a, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò àwọn tó ń sìn, kí ẹ sì fún wọn láyè.

Ní Sivasagar, ẹ dúró wo Rang Ghar, níbi tí àwọn ọba ti ń jókòó wòran, àti Talatal Ghar, ààfin tó ní àjà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gba Jorhat padà, ẹ yà sí moidam Lachit Borphukan, ọ̀gá ogun tó lé ogun Mughal padà ní Saraighat ní 1671, ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí àwọn Mughal fọ́ ibojì àwọn ọba rẹ̀. Kì í ṣe ọba, síbẹ̀ wọ́n mọ òkìtì fún un, àwọn ará Assam sì ń lọ síbẹ̀ títí dòní láti bọlá fún un.