Kóòṣì Pọ̀ ní Pánsẹ́kẹ́ Ju Agbábọ́ọ̀lù Lọ

Ẹni tó bá ń wá kóòṣì bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta, kó má wulẹ̀ dé pápá ìṣeré. Kó dúró nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó ní Arsenal kò yẹ kó máa lo 4-3-3 (mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú) mọ́. Kó tó pa ẹnu dé, kóòṣì á ti yí i ká: ọlọ́kadà, olùkọ́ tó yẹ kó ti wà ní kíláàsì, bàbá tó ní àkọlé nìkan lòun fẹ́ yẹ̀ wò, tí kò ra ìwé ìròyìn rí láyé rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ń ṣe Arteta, kóòṣì Arsenal. Arteta nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Láyé àtijọ́, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù kò le. Ẹni tó gbá a wọlé, a yìn ín. Ẹni tó gbá a sókè, a bú u, a bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ní báyìí, wọn kì í bú èèyàn mọ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń ké. 4-2-3-1! 3-4-3! 3-2-5! Àlejò tó bá ń kọjá lọ á rò pé lọ́tò Baba Ijebu ni wọ́n ń ta, á sì fẹ́ béèrè èyí tó jáde lánàá.

Fọkanáísà kan wà ní Pánsẹ́kẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí wíńgà òsì, ẹni iwájú tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá, ṣe gbọ́dọ̀ máa wọ àárín, kí fúúbáàkì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn, lè ráyè gba ẹ̀bá ìlà sáré lọ síwájú. Ó ti to gbogbo wọn sílẹ̀: ìdérí ìgò ni dífẹ́ńsì, òkúta wẹ́wẹ́ ni mídífíìdì, nọ́ọ̀tì táyà ni àwọn tó wà níwájú. Nọ́ọ̀tì yìí, ti ọkọ̀ oníbàárà kan ni. Jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ náà sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi de táyà mi, mò ń lọ sí Ṣàgámù."

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá yọ nọ́ọ̀tì yìí báyìí, ta ló kù níwájú gólì?"

Ẹlòmíràn dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wà níwájú gólì, pé false nine ni ayé ń lò. Ẹ ò bá rí ojú oníbàárà.

False nine yìí ni àrùn tó mú wọn jù. Kò ju pé kí atamátàsé má dúró sójú kan lọ, kó máa padà sí àárín, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ má mọ̀ bóyá kóun tẹ̀ lé e ni àbí kóun dúró. Wọ́n á ní Guardiola, kóòṣì Barcelona nígbà náà, ló dá a sílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2009, lọ́jọ́ tó gbé Messi sáàárín tí Barcelona na Real Madrid ní 6-2. Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ pé Hidegkuti ti Hungary ti fi irú rẹ̀ gbá mẹ́ta wọlé ní Wembley lọ́dún 1953, nígbà tí wọ́n na England ní 6-3. Wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin kan lọ́nà Làfẹ́nwá tún ń là á yé wa pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní ni pé, bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lẹ́sẹ̀ àwa (àwa tí wọ́n ń wí yìí, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ Lọ́ńdọ̀nù rí), ẹni méjì á kù lẹ́yìn, mẹ́ta á wà láàárín, márùn-ún á tò síwájú. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ iṣu sísun nítòsí ní bí tíṣà àwọn ṣe ń to àwọn nílé ìwé nìyẹn. Bàbá kò purọ́. 2-3-5 ni àwọn òyìnbó ń gbá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí wọ́n fi yí òfin ọ́fúsáìdì (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni iwájú lọ dúró de bọ́ọ̀lù lẹ́yìn dífẹ́ńsì) padà lọ́dún 1925, tí Herbert Chapman, ní Arsenal yìí kan náà, wá fa ẹni àárín sẹ́yìn kí dífẹ́ńsì lè di mẹ́ta. Kí ni àwọn ọmọ wí?

"Bàbá, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Tiyín kì í ṣe in possession."

Bàbá padà sídìí iṣu rẹ̀.

Télọ̀ mi ní Ìtòkú náà ti kó àrùn yìí. Apá òsì ló rán mọ́ ọ̀tún lára bùbá aṣọ ẹbí tí mo fẹ́ wọ̀. Kàkà kó bẹ̀ mí, ó ní ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni wọ́n ń gbé sápá ọ̀tún báyìí, kí n wo Saka ti Arsenal.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ dífẹ́ńsì. Sítíráíkà méjì, wíńgà méjì, nọ́ńbà 10 méjì (àwọn tó ń pín bọ́ọ̀lù fún iwájú), kí fúúbáàkì méjèèjì náà gòkè lọ. Ẹ ka iye tó kù sílé: aṣọ́lé àti ẹni méjì. Bí wọ́n bá wá gbá ọ̀kan wọlé wa, ẹnu kan náà ni yóò pariwo pé, "Ta ló ní kí kóòṣì yìí ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀?" Ní sáà 2023/24, Arsenal gbá góòlù 91 wọlé ní líìgì, wọ́n ní pọ́ìntì 89, Manchester City ní pọ́ìntì 91, àwọn ló gbé ife lọ. Fọkanáísà wa ní àìsí iwájú ló fà á. Góòlù 91!

Ìlú yìí kúkú ti bí àwọn tó mọ iwájú. Lọ́dún 1980 tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè, tí a kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì. Mathematical ni wọ́n ń pe Ọdẹ́gbàmí, mẹkáníìkì sì ni Muda kó tó di agbábọ́ọ̀lù. Orúkọ Muda ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré tó wà ní Asero. Mo bi kóòṣì kan ní Kútọ̀ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; ó ní gómìnà ayé ọjọ́un kan ni. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ nítòsí wa níhìn-ín gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2025. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ agbábọ́ọ̀lù wọn kan ṣoṣo, ẹ ó rí i bí ikọ́ ṣe máa gbé wọn.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ àdúgbò kan pè wọ́n níjà: kí àwọn kóòṣì wọ bàtà, kí wọ́n wá gbá a. Wọ́n gbà. Wọ́n fi ọ̀sán jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa tò, wọ́n sì fẹnu kò sí 3-4-3. Bí fèrè ti dún báyìí, gbogbo wọn ya tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ sígun kan pápá, aṣọ́lé wọn náà wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ló rọra ń rìn gba òdìkejì lọ, tó ń tì í wọlé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí a ò fi kà á mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, wọ́n tún pé jọ nídìí tábìlì, wọ́n ní kóòṣì ni kò dáa. Mo wá béèrè ẹni tó jẹ́ kóòṣì wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn na ìka sí ẹni tó dúró tì í.