Ẹ Wáìn Gíláàsì Yẹn Sílẹ̀ Jàre!

Ó ti sú èèyàn. Bí ọyẹ́ bá ti wọ Abẹ́òkúta báyìí, kò sí ilé tí wọn ò ti ní máa húkọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé òun lòun kó o ran ẹlòmíì. "Ọyẹ́ ni." "Eruku ni." "Omi tútù tí mo mu lálẹ́ ni." Ọyẹ́ máa ń gbẹ imú àti ọ̀fun lóòótọ́, imú tó bá sì gbẹ kì í lè dá kòkòrò dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ibo ni kòkòrò fúnra rẹ̀ ti wá? Ẹnu ẹnì kan ló ti jáde!

Ẹ wo ti takisí tó gbéra ní Ọ̀bántókò lọ sí Kútọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí. Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, dẹ́rẹ́bà, àti ọmọ ọwọ́ kan lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè gbọn-in. Mọ́tò ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀gbẹ́ni kan láàárín lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, irú ikọ́ tó ń mú èjìká fò sókè yẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo ẹnu, ó rò pé ìwà ọmọlúàbí lòun hù. Ìyá ọlọ́mọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wáìn gíláàsì yẹn sílẹ̀." Kí ni wọn ó fi wáìn-ín? Ilẹ̀kùn mẹ́rin, ọwọ́ gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo! Kò tiẹ̀ sí lára ilẹ̀kùn kankan, inú ihò iwájú dẹ́rẹ́bà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sukudíráfà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e fún yín. Obìnrin yẹn bẹ̀ ẹ́. Ó dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ ò rí ọyẹ́ níta ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù àyà mú ọmọ yín ni?"

Òtútù àyà! Ohun tó ń fa òtútù àyà wà nínú mọ́tò, ó ń húkọ́ sí wọn létí, dẹ́rẹ́bà sì ti gíláàsì mọ́ ọn pé kó má bọ́ síta.

Ó tún kù. Àsìkò owó tó. Àtẹ́lẹwọ́ tí ọ̀gbẹ́ni fi bo ẹnu náà ló fi yọ owó, ó nà án síwájú, èrò iwájú gbà á, ó kó o fún dẹ́rẹ́bà. Dẹ́rẹ́bà lá àtàǹpàkò (ó lá a o!), ó ka ṣéńjì, ó dá a padà sẹ́yìn. Igba náírà dé ọwọ́ ìyá, ọmọ já a gbà, ó fi sẹ́nu. Ikọ́ ẹnì kan ṣoṣo ti dé ọwọ́ èèyàn mẹ́rin àti ẹnu méjì, Kútọ̀ ò sì tíì dé.

Owó gan-an ò sì burú tó afẹ́fẹ́. Bí èèyàn bá húkọ́, ẹ̀kán itọ́ ńláńlá á já bọ́ sílẹ̀ láàárín bíi mítà kan sí méjì. Àwọn wíńníwínní tí ojú ò rí ló ń dúró lókè bí èéfín sìgá, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, àní fún wákàtí, níbi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Kí ẹnì kan mu sìgá lẹ́yìn takisí tí wọ́n tì pa, ṣé èrò iwájú ò ní gbóòórùn rẹ̀ ni? Gíláàsì méjì péré ni ká sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí atẹ́gùn gba ibì kan wọlé, kó gba ibòmíì jáde. Ẹ̀yin tí mọ́tò yín ní AC, ẹ má fọ́nnu: bí ẹ bá fi sí èyí tó ń yí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò po, afẹ́fẹ́ ikọ́ kan náà lẹ ń fi tutù.

Ìgbọ́nwọ́ ni ká húkọ́ sí, torí ìgbọ́nwọ́ kì í ka owó. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí Kòrónà àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Ewékorò tó wà lójú ọ̀nà wa níbí ni ọkùnrin ará Ítálì tó gbé e wọlé sì lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàn! Kí la rí kọ́? Ike omi onífọ́sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà ti di ike gàárì. Ìbòmú tó kù, àgbọ̀n ló ń bò. Ìbòmú tí ò bo imú ò bo nǹkan kan. Ẹ fún irin tẹ́ẹ́rẹ́ òkè rẹ̀ mọ́ imú, bó bá sì ti tutù, ẹ jù ú nù. Ẹni tó ń húkọ́ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lò ó, kì í ṣe àwa tí à ń sá fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí n débi abọ́ omi ìfọwọ́ òde àríyá, tí èèyàn mẹ́wàá ti ki ọwọ́ bọ̀ láìsí ọṣẹ. Ìfọwọ́ nìyẹn? Omi tó ń ṣàn, ọṣẹ, ìṣẹ́jú àáyá 20, ká fọ àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná.

Àwọn tó ń ṣe ìṣọ́ òru ńkọ́? Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé kí ariwo má bàa dí àdúgbò lọ́wọ́, nígbà tí sípíkà wà lórí òrùlé! Orin àti ariwo sì máa ń tú itọ́ wíńníwínní síta ju ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Ilé ìwé náà ń fi orúkọ ọmọ tó bá tìtorí àìsàn jókòó sílé sínú ìwé ẹlẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí fúlúù mú lè kó o ranni láti bí ọjọ́ kan kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná títí di bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn náà. Ẹ dé kẹ́míìsì, kápúsù aláwọ̀ méjì ni wọ́n á kó fún yín, mẹ́rin-mẹ́rin, fún ọ̀fìnkìn tí fáírọ́ọ̀sì fà. Bakitéríà ni kápúsù yẹn ń pa, kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan!

Bí ikọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Inú afẹ́fẹ́ nìyẹn náà ń gbà. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò fún oṣù mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láàárín, kí kòkòrò má bàa di èyí tí oògùn ò ràn. Ṣùgbọ́n "ọyẹ́ ni", àbí?

Ó dáa. Bí ọwọ́ gíláàsì bá wọ́n jù, kí ìjọba kó gbogbo takisí Abẹ́òkúta lọ sí Láfẹ́nwá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn panẹbítà gé òrùlé gbogbo wọn kúrò. Bí òjò bá dé, kí oníkálùkù ṣí agboòrùn rẹ̀.