Oscillator tó ń lẹ̀ mọ́ra: resistor kọ́ ló fà á

Wọ́n ń pín in kiri pé bí oscillator méjì (àyíká iná tó ń dá ohùn) lórí IC CD40106 (ègé ẹ̀rọ oníná kékeré kan) nínú synthesizer àfọwọ́ṣe (ẹ̀rọ orin oníná) bá lẹ̀ mọ́ ohùn kan náà, resistor wọn (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) ni kò péye, kí a lọ ra èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 1% lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Resistor àti capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) ló ń pinnu ohùn. Ṣùgbọ́n kí ohùn ṣìnà jẹ́ ọ̀tọ̀, kí oscillator méjì máa fa ara wọn jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹsẹ̀ 14 nìkan ni gbogbo oscillator mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú IC yẹn ti ń gba iná. Bí ohun tó ń jáde lára ọ̀kan bá yí padà, láti gíga sí ìsàlẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ sí gíga, iná á mì díẹ̀. Iná yìí kan náà ló ń pinnu ibi tí èkejì ti máa yí padà, ìyẹn náà á bá yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Resistor tó bára mu gan-an tiẹ̀ lè mú kí wọ́n tètè lẹ̀ ni.

Ẹ dán an wò. Ẹ fi ọ̀kan sí 200 Hz (ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), èkejì sí 203: ariwo á máa le, á máa rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá rọra yí èkejì sún mọ́ ọn. Bí líle-rírọ̀ náà bá ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá dúró lójijì, tí ẹ ṣì ń yí i tí ohùn kò kúrò lójú kan, wọ́n ti lẹ̀ nìyẹn.

Capacitor 100 nF láàárín ẹsẹ̀ 14 àti 7 (ibi tí iná ti ń padà jáde) á dín lílẹ̀ náà kù. Èyí tó dájú jù ni kí oscillator kọ̀ọ̀kan ní IC tirẹ̀, pẹ̀lú resistor 100 ohm àti capacitor 10 µF níbi tí iná ti ń wọlé.